Mo dá ẹ̀wù páànù fún sítóòfù igi: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yàrá kan

Yàrá tí mò ń wí yìí gùn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní mítà 5, àjà rẹ̀ sì fi mítà 2.7 jìnnà sílẹ̀. Èmi àti ọmọ márùn-ún la máa ń jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ fún wákàtí méjì tí mo bá ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Sítóòfù igi kan ló ń lé òtútù fún wa. Bí a bá ti fèrèsé, orí á máa fọ́ wa, àwọn ọmọ á sì máa tòògbé lórí ìwé. Bí a bá ṣí i, òtútù á wọlé bí ẹni tí a ránṣẹ́ pè, gbogbo igi tí a ti ń kó síná láti ọ̀sán á di òfò.

Kí n tó fọwọ́ kan irin kankan, mo kọ́kọ́ wọn nǹkan. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka carbon dioxide, gáàsì tí à ń mí síta, ka nǹkan bíi 420 ppm níta, ìyẹn ìdá 420 nínú mílíọ̀nù kan. Nínú yàrá tí a tì pa, lẹ́yìn wákàtí méjì, ó ka 2,600. Tẹmómítà tí mo so sábẹ́ àjà ka díígírì 30, èyí tí mo gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ka 13. Àjà la ń dáná fún, ẹsẹ̀ wa ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọmọ tó jókòó ti sítóòfù ń bọ́ súwẹ́tà, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ń wọ méjì lé ara wọn.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé sítóòfù fúnra rẹ̀ ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́ yàrá, torí pé ó ń fa afẹ́fẹ́ síná. Ó ń fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kílò igi gbígbẹ kan nínú sítóòfù tó nílẹ̀kùn máa ń lo nǹkan bíi kúbíìkì mítà 10 afẹ́fẹ́. Tèmi ń jó kílò 2 ní wákàtí, ìyẹn jẹ́ 20. Yàrá wa gba 81. Yóò gba wákàtí mẹ́rin kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó yí padà lẹ́ẹ̀kan péré, bẹ́ẹ̀ ènìyàn kọ̀ọ̀kan tó jókòó jẹ́jẹ́ ń mí nǹkan bíi lítà 20 carbon dioxide jáde ní wákàtí kan, ẹni mẹ́fà sì ni wá. Ààrò tí kò nílẹ̀kùn ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ ooru ilé ló ń bá a lọ.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kì í ṣe tuntun. Douglas Galton, ẹnjiníà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣe irú rẹ̀ sí bárékè àwọn sójà: afẹ́fẹ́ ìta á gba ẹ̀yìn ààrò kọjá, á gbóná níbẹ̀, kó tó tú sínú yàrá lókè. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan ní Amẹ́ríkà náà lo sítóòfù tí a fi páànù yí ká. Èmi kò fẹ́ máa bá afẹ́fẹ́ tútù jà lẹ́nu fèrèsé mọ́. Kó wọlé, ṣùgbọ́n kó gba ara iná kọjá kó tó kan ọmọ ènìyàn.

Sátidé kìíní: tọ́ọ̀ṣì nínú sítóòfù

Ẹ̀wù tí mo fẹ́ dá yìí yóò bo sítóòfù mọ́lẹ̀. Ewu kan wà níbẹ̀. Bí nǹkan bá ń jò lára sítóòfù, ojú wa ò ní tó o mọ́, afẹ́fẹ́ tuntun tí à ń gbé wọlé gan-an ni yóò máa pín èéfín fún wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ wá ojú ibi tó ń jò.

Mo kó eérú jáde, mo fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha inú rẹ̀. Nígbà tó di alẹ́, mo pa iná yàrá, mo gbé tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ gan-an sínú sítóòfù, mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo wá ń rákò yí i ká bí ẹni tó sọ owó nù. Iwájú dára. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dára. Lẹ́yìn, níbi tí irin ìdí ti pàdé irin ara, mo rí ìlà ìmọ́lẹ̀ kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, kò gùn ju ìka mi lọ. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń dáná nínú sítóòfù yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe jórinjórin wá lọ́jọ́ kejì. Mo fi ojú ibẹ̀ hàn án.

"Yàrá yìí náà lẹ ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ ni."

Ó mi orí, kò fèsì. Ó fi gíráńdà họ ojú ibẹ̀ títí ó fi ń dán bí ṣíbí tuntun, ó sì jó o pọ̀. Irin pẹlẹbẹ ni ara sítóòfù yìí, ó gba jíjó. Ó ní ká ní irú èyí tí wọ́n dà ni, òun ò bá má fọwọ́ kàn án láìkọ́kọ́ mú gbogbo rẹ̀ gbóná, torí ó máa ń sán níbòmíràn nígbà tó bá ń tutù, ìwọ á sì ti ṣe ihò kan di méjì.

Ilẹ̀kùn ló kù. Mo fi bébà há etí rẹ̀, mo tì í, mo fà á. Nísàlẹ̀, bébà náà ya. Lókè, ó yọ wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó dì í mú. Okùn tí kì í jóná tó yí etí ilẹ̀kùn ká ti gan pa. Mo fà á kúrò, mo ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ dànù, mo lẹ òmíràn. Ẹ má fa okùn náà le nígbà tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́, ṣe ni kí ẹ máa rọra tì í jọ. Bí a bá fà á, á tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì ní kún ojú ọ̀nà rẹ̀. Mo fi bébà dán an wò yíká, ibi mẹ́jọ, gbogbo wọn ya.

Sátidé kejì: ẹ̀wù

Sítóòfù náà rí róbótó, ìfẹ̀ rẹ̀ láti etí kan gba àárín dé etí kejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, gíga rẹ̀ 90. Mo fẹ́ kí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 8 wà yí i ká, ìyẹn ni pé ìfẹ̀ ẹ̀wù yóò jẹ́ 56. Mo ní kí àwọn ọmọ bá mi ṣírò bí páànù tí mo máa gé yóò ṣe gùn tó. Mẹ́rin mú 176 wá. Ẹnì kan mú 88 wá, ó sì dúró lórí rẹ̀ gbọin, àfìgbà tí mo ní kó fi okùn yí bébà róbótó ká kó wọ̀n ọ́n. Ìdajì ìfẹ̀ ló fi ṣírò rẹ̀. Mo fi sẹ̀ǹtímítà 2 kún un fún ibi tí etí méjèèjì yóò ti gun ara wọn.

Páànù funfun tí a fi síǹkì bò ni mo kọ́kọ́ gbé wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé e padà. Bí iná jórinjórin bá kan síǹkì, èéfín rẹ̀ máa ń mú ẹni tó fà á símú ní ibà, gbígbọ̀n àti orí fífọ́ lóru. Irin dúdú pẹlẹbẹ la wá lò.

Ibi tó gba wa lákòókò jù ni ẹnu. Ilẹ̀kùn sítóòfù àti ihò kékeré tí iná fi ń mí gbọ́dọ̀ wà níta ẹ̀wù. Tí wọ́n bá wà nínú, ìgbàkígbà tí a bá ṣí ilẹ̀kùn láti fi igi sí i, èéfín tó bá yọ yóò bọ́ sínú ẹ̀wù, yóò bá afẹ́fẹ́ gbígbóná gun òkè, yóò sì tàn ká yàrá. A gé fèrèsé onígun mẹ́rin sí iwájú ẹ̀wù, a wá ṣẹ́ páànù tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrùn ẹ̀wù, sẹ̀ǹtímítà 8 ní jíjìn, tó so etí fèrèsé yẹn mọ́ ara sítóòfù. A gé e, kò bá a mu. A tún un gé, ó kúrú. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó wọlé, mo fi okùn tí kì í jóná há àárín rẹ̀ kí irin lè ráàyè wú nígbà tó bá gbóná.

Ẹ̀wù náà ga ní sẹ̀ǹtímítà 110, ó fi 20 ju sítóòfù lọ. Orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, mo fi nẹ́ẹ̀tì bò ó kí ìwé ọmọ kankan má bàa jábọ́ sí i. Ìdí rẹ̀ jókòó lórí bíríkì, mo dí i pa yíká, àfi ibi kan lẹ́yìn tí páìpù oní-mìlímítà 200 ti inú ògiri wọlé sí. Ẹnu páìpù yẹn níta dojú kọlẹ̀ kí òjò má bàa wọ̀ ọ́, ó sì ní nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ tóbi díẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ kéré jù máa ń dí.

Ní ti ògiri, wọ́n ní iná ń jó, ògiri ò sá. Páákó ni tèmi, ó yẹ kó sá. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà fún sítóòfù tí kò ní ìwé àyẹ̀wò ni pé kó fi ìnǹṣì 36, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 91, jìnnà sí ohunkóhun tó lè jóná. Wọ́n gbà kí èèyàn dín in kù bó bá fi páànù dábùú àárín, tí àlàfo sì wà lẹ́yìn páànù náà. Mi ò dín nǹkan kan kù.

Sátidé kẹta: ibi tí afẹ́fẹ́ àlòkù yóò gbà jáde

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé òkè ló yẹ kí afẹ́fẹ́ àlòkù gbà jáde. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ooru tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi igi rà la ń sọ síta. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó bá jáde lórí ẹ̀wù á lọ sábẹ́ àjà, á tàn dé ògiri kejì, á máa tutù, á máa sọ̀ kalẹ̀, á sì fi ilẹ̀ẹ́lẹ̀ padà wá síhà sítóòfù. Ibi tó parí ìrìn rẹ̀ sí ló yẹ kó ti jáde: nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà tí sítóòfù wà.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò fa afẹ́fẹ́ tútù láti ilẹ̀ gun òrùlé? Ọ̀pá èéfín ni. Ọ̀pá èéfín mi jẹ́ mìlímítà 150. Mo fi páànù róbótó oní-mìlímítà 300 yí i ká láti mítà 2 sókè títí ó fi yọ lórí òrùlé. Láti ìdí páànù yìí, mo mú àpótí páànù kan sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ẹnu rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 20 sí 20, ó fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga sílẹ̀. Ọ̀pá èéfín á mú afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ́wọ́ọ́wọ́, èyí á gbéra, á fa ti ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì ò pàdé níbì kankan. Ẹ má ṣe já afẹ́fẹ́ àlòkù wọ inú ọ̀pá èéfín fúnra rẹ̀ láéláé.

Nígbà tí mo tú ọ̀pá èéfín àtijọ́ palẹ̀, mo rí ìdí tí ọ̀dà dúdú fi máa ń ṣàn sí i lára. Ẹni tó tò ó ti dorí rẹ̀ kodò. Ẹnu tó kéré ló yẹ kó kọjú sísàlẹ̀, kó wọnú èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ọ̀dà tó bá ń ṣàn lè máa ṣàn nínú padà síná. Tèmi dà bíi páànù òrùlé, èyí tó dára fún òjò àmọ́ tí kò dára fún èéfín. Mo tún un tò, mo fi súkúrù mẹ́ta de ojú ìpàdé kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan wà tó ń kọ mí lóminú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ooru lára ọ̀pá èéfín, èéfín á tutù, èéfín tó bá sì tutù jù ló ń di ọ̀dà lára irin. Bó bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi díígírì 120, ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọ̀dà ló sì ń gbiná nínú ọ̀pá tí ooru fi ń kọjá díígírì 1,000. Mo gbé tẹmómítà sí ibi méjì: 190 lókè sítóòfù, 150 nítòsí òrùlé. Àyè ṣì wà. Igi tí a ń jó ti gbẹ dé abẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún omi, mo máa ń la ìtì kan kí n tó wọ̀n ọ́n, torí ẹ̀yìn igi máa ń parọ́.

Ọjọ́rú: aago dún

Mo ti fi ìdérí kan sí ẹnu páìpù tó ń mú afẹ́fẹ́ wọlé, kí n lè dín in kù lóru. Ní ìparí ẹ̀kọ́, iná ti kú di ẹ̀yín iná. Ẹ̀wù ti ń tutù, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lórí rẹ̀ kò gbóná mọ́, ọmọ kan tí òtútù ń mú sì dìde, ó ti ìdérí yẹn pa. Kò ṣe ohun tó burú, mi ò sọ fún un pé kó má ṣe é. Ilẹ̀kùn tó lọ sí ilé ìdáná ṣí sílẹ̀, fáànù tó ń fa èéfín níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Kò sí èéfín kankan tí a fojú rí. Kò sí òórùn. Aago tó ń ṣọ́ carbon monoxide, gáàsì olóró tí iná tí kò jó dáadáa ń tú jáde, kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo wo ojú rẹ̀, ó ka 110 ppm. Mo ní kí gbogbo wọn bọ́ síta kíá, kí wọ́n má mú ìwé, mo ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, mo pa fáànù. Níta ni mo ti ń rántí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé aago náà: ní 100 ppm, kì í ké kó tó tó ìṣẹ́jú 10, ó sì gbọ́dọ̀ ké kó tó kọjá 40. Ìyẹn ni pé bí ó bá wà ní ìwọ̀n yẹn látìbẹ̀rẹ̀, ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá la ti ń fà á símú. Gáàsì yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ méjì ní orí ń fọ́ àwọn. A jókòó síta pẹ́ kí a tó túká, mo sì bá òbí kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ lẹ́nu ara mi.

Mo fi alẹ́ náà ṣírò ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pá èéfín tó gbóná dáadáa, tó ga tó mítà 4.5, ń fà ní agbára bíi Pascal 20 (Pascal la fi ń wọn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan). Nígbà tó bá ku ẹ̀yín iná, tí inú ọ̀pá wá sí díígírì 60, kì í tó 10. Fáànù ilé ìdáná lè fà jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé tí a tì pa. Ó ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, a ti dí ọ̀nà tó yẹ, ó wá fi ọ̀pá èéfín ṣe ẹnu ọ̀nà. Àsìkò ẹ̀yín iná gan-an sì ni carbon monoxide máa ń pọ̀ jù, nígbà tí ojú ń sọ fún ẹ pé iná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Àtúnṣe: mo gé ìdámẹ́ta ìdérí náà dànù. Bó ti wù kí ènìyàn tì í tó, kò lè dí tán mọ́. Mo fi sípíríǹgì sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná kó máa padà fúnra rẹ̀, mo sì gbé aago kejì sí yàrá tí mò ń sùn. Lẹ́yìn náà mo dán an wò: mo ti fèrèsé gbogbo, mo tan fáànù dé òpin, mo dá iná kékeré, mo sì gbé ìṣáná tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sí ẹnu ilẹ̀kùn sítóòfù tí mo ṣí díẹ̀. Èéfín rẹ̀ tẹ̀ síhà inú. Mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó dúró gangan, kò mọ ibi tí yóò lọ. Mo tún tì í, ó tẹ̀ padà sínú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: ohun tí mo wọ̀n

Afẹ́fẹ́ ń gba páìpù wọlé ní mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó jẹ́ nǹkan bíi kúbíìkì mítà 135 ní wákàtí. Lẹ́nu àpótí ìsàlẹ̀, nǹkan bíi 115 ló ń jáde. Mo yọ ọ̀kan lára èkejì, ó ku 20, iye tí mo ti ṣírò pé iná ń jẹ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn wákàtí méjì pẹ̀lú ẹni mẹ́fà: carbon dioxide 1,200. Abẹ́ àjà, díígírì 25. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀, 19. Kò sẹ́ni tó tòògbé, àfi ẹni tí 88 rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀, tó ní òun kàn ń ronú ni.

Láti mú afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó yẹn láti òtútù dé ìlọ́wọ́ọ́wọ́ yàrá ń ná wa ní nǹkan bíi ìdámẹ́ta kílò igi ní wákàtí. Ìtì kékeré kan ni. Mo ti jó jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí fèrèsé ṣíṣí.

Ètè àwọn ọmọ ti ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ìta tó jẹ́ díígírì 5, tó tilẹ̀ ní ọ̀rinrin dáadáa, bí a bá mú un dé 20, ọ̀rinrin rẹ̀ á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo gbé abọ́ omi fífẹ̀ lé orí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀wù, ó ń gba lítà kan nírọ̀lẹ́ kan, ó sì ti gbé ọ̀rinrin yàrá kúrò ní 30 sí 38. Mo máa gbé abọ́ tó fẹ̀ ju ìyẹn sí i.

Ohun tó kù ni pé bí ẹ̀wù bá ń tutù lóru, ó máa ń dún pọ́ọ́, pọ́ọ́, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n de bóòtì kan sí àárín ẹ̀yìn rẹ̀, kí n má dè é le. Mi ò tíì ṣe é.